Férémù Tí Ó Ń Gba Àwòrán Là àti Èyí Tí Ó Ń Pa Á

Ẹni tí ó bá wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá ni àwọn àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri. Àwòrán baálé ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà abetí-ajá rẹ̀, àwòrán ìyá àgbà wà níbẹ̀ lórí àga, bẹ́ẹ̀ ni ti ọjọ́ ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ tí ọmọ gba oyè ní yunifásítì. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán, aṣọ àdìrẹ tí a nà sínú férémù, tàbí ìwé ẹ̀rí tí a fi òógùn gbà. Gbogbo wọn ni a fi gíláàsì bò, tí a sì fi igi dáradára yí ká, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn onílé ni pé ohun tí ó bá ti wọ inú férémù ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ àwòrán ni ó jẹ́ pé inú férémù gan-an ni ó ti bàjẹ́: páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di pupa, gíláàsì iwájú rẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù tí a fi mú un dúró ni ó jẹ ẹ́ lára. Nígbà tí onílé bá fi máa mọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn onílé, àti àwọn tí ń fi férémù ṣiṣẹ́ jẹun, mọ ohun tí a níláti fi ṣe férémù àti ohun tí kò gbọdọ̀ fi ara kan àwòrán rárá.

IYE TÍ ÀWÒRÁN INÚ ILÉ LÈ NÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwòrán pálọ̀ kò tó ohun tí à ń ṣe ìyọnu lé lórí. Ní ọdún 1973 sí 1974, ayàwòrán olókìkí nì, Ben Enwonwu, ya àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọba Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀yà mẹ́ta. Àwòrán náà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tutù, gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì fi í kọ́ ilé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ojúlówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2017 ni a rí ọ̀kan nínú wọn nínú ilé gbígbé kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn tí ó ni ín kò ti mọ iye rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 2018, a tà á ní gbàǹjo, owó rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán ni yóò mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá àgbà yà kí ó tó kú, kò sí ọjà tí a ti lè rí i rà bí ó bá ti bàjẹ́. Ọ̀kan ni ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú méjèèjì.

BÉBÀ ÀTI PÁÁLÍ Ẹ̀YÌN

Ṣáájú àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkísà aṣọ òwú àti ti ọ̀gbọ̀ ni àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe bébà, irú bébà bẹ́ẹ̀ sì máa ń tọ́jọ́. Nígbà tí àwọn tí ń fẹ́ ìwé kà pọ̀ sí i, tí àkísà kò sì tó mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí lọ igi láti fi ṣe bébà. Nínú igi ni ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lígínì. Òun ni ó ń jẹ́ kí igi le, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú bébà, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sì kàn án, a máa sọ bébà náà di pupa rúsúrúsú. Ẹni tí ó bá fi ìwé ìròyìn sílẹ̀ lójú fèrèsé fún ọjọ́ díẹ̀ yóò rí iṣẹ́ lígínì pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Bí bébà igi bá ti ń gbó, ásíìdì a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ásíìdì ni èròjà kíkan, irú èyí tí ó wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gé okun inú bébà, títí bébà náà yóò fi máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ bí a bá ká a. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ásíìdì kì í jókòó sí ojú kan. Bí páálí tí ó kún fún un bá wà lẹ́yìn àwòrán tí a yà sórí bébà dáradára, ásíìdì náà yóò ṣí láti inú páálí wọ inú àwòrán. Nígbà tí a bá tú férémù àtijọ́, tí a rí ìlà pupa ní gbogbo etí àwòrán, tàbí tí a rí àpẹẹrẹ ojú pákó lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Páálí inú àpótí ọjà, pílíwúùdù àti pákó kò yẹ ní ohun tí ń fi ara kan àwòrán, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníférémù nítorí pé owó wọn kò wọ́n. Ohun tí ó yẹ ni páálí tí a fi òwú ṣe, tàbí èyí tí a ti fọ lígínì kúrò nínú rẹ̀, tí a sì ti po ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì mọ́ kí ó lè máa pa ásíìdì bí ó bá yọjú. Bí onílé kò bá ní agbára láti ra páálí òwú tí ó nípọn, kí ó jẹ́ kí pílíwúùdù wà lẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n kí bébà tàbí páálí tí kò ní ásíìdì wà láàárín òun àti àwòrán. Èyí sàn ju kí méjèèjì fi ara kan ara wọn lọ, bí kò tilẹ̀ mú ewu kúrò tán.

GÍLÁÀSÌ KÒ GBỌDỌ̀ FI ARA KAN ÀWÒRÁN

Fọ́tò tí a fọ̀ ní yàrá òkùnkùn ní ayé fíìmù ní ìbora tínrín kan lójú. Jẹ́látìn ni orúkọ ìbora náà, láti inú awọ àti egungun ẹran ni a sì ti ń rí i. Ẹni tí ó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ ìwà rẹ̀: bí omi ẹran náà bá tutù, yóò dì, bí a bá gbé e padà sórí iná, yóò yọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin ní ìgbà òjò, jẹ́látìn ojú fọ́tò a máa wú, a sì máa rọ̀. Bí gíláàsì bá wà lé e lójú nígbà náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, tí ó gbẹ, fọ́tò àti gíláàsì ti di ọ̀kan.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá wo fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, a ó rí ibi kan tí ó ń dán bí ẹni pé omi kán sí i. Ẹni tí ó bá rí àmì yìí kò gbọdọ̀ fa fọ́tò náà yọ, nítorí ojú àti ẹ̀wù ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò kù sára gíláàsì. Kò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú, nítorí oríṣiríṣi fọ́tò ni ó wà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè fara da omi. Kí ó fi fọ́tò àti gíláàsì sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, kí ó ya ẹ̀dà rẹ̀ láti ojú gíláàsì náà, kí ó sì wá ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú fọ́tò.

Ọ̀nà láti dènà ewu yìí rọrùn. Oníférémù yóò gé páálí kan, yóò dá ojú fèrèsé sí àárín rẹ̀, yóò sì gbé e lé àwòrán kí gíláàsì tó dé. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni páálí onífèrèsé yìí. Ọ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà láàárín gíláàsì àti àwòrán. Níwọ̀n bí ó ti ń fi ara kan àwòrán, òun náà kò gbọdọ̀ ní ásíìdì.

OHUN TÍ A LÈ TÚ

Òfin kan wà tí àwọn olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà ń tẹ̀lé: ohunkóhun tí a bá ṣe sí àwòrán lónìí, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ó jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè tú lọ́la láìpa àwòrán náà lára. Òfin yìí ni a fi ń yẹ gọ́ọ̀mù wò. Sẹ́lótéèpù kò yege nínú ìdánwò náà, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa wọ inú bébà, a máa di pupa, bí ọjọ́ bá sì ti lọ lórí rẹ̀ kò ní ṣeé mú kúrò mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò kò yege pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹ̀yìn àwòrán mọ́ pákó.

Ohun tí àwọn olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà ń lò ni ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun àlìkámà tàbí ti ìrẹsì tí a ti fọ̀ mọ́ ṣe, nítorí pé omi díẹ̀ lè tú u nígbàkígbà. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti mọ ìwà ẹ̀kọ láti ọjọ́ pípẹ́: wọn a fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀, nígbà tí aṣọ bá ti mu aró tán, wọn a ha ẹ̀kọ náà kúrò, wọn a sì fọ̀ ọ́, ọnà náà a sì hàn gbangba láìsí àbùkù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùtọ́jú àwòrán ṣe ń fi ẹ̀kọ díẹ̀ lẹ ègé bébà Jàpáànù méjì mọ́ etí òkè àwòrán, tí ó sì ń fi wọ́n so ó kọ́ sára páálí. Etí òkè nìkan ni, kí àwòrán lè ráyè fẹ̀ kí ó sì súnkì bí afẹ́fẹ́ bá ti ń yí padà.

Fún fọ́tò, ohun kan tún wà tí ó rọrùn ju èyí lọ. A lè ká bébà tí kò ní ásíìdì sí onígun mẹ́ta bí àpò kékeré, kí a fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò bọ inú rẹ̀, kí a sì lẹ àwọn àpò náà mọ́ páálí. Gọ́ọ̀mù kò kan fọ́tò rárá. Ní ti aṣọ àdìrẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó yẹ ẹ́: kí a rán etí rẹ̀ mọ́ aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀, èyí tí a nà sórí páálí.

Ó yẹ kí a dárúkọ àṣà kan níhìn-ín tí ó gbòde kan, èyí ni kí a fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò, tí àwọn ènìyàn ń pè ní láminéṣọ̀n. Ooru ẹ̀rọ náà àti gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá yóò wọ ara ìwé, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà bọ́ ọ láìya ìwé náà. Ẹ̀dà ni ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Kí a fi ojúlówó sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án.

ÌMỌ́LẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣàkíyèsí pé kàlẹ́ńdà àtijọ́, tàbí àwòrán irun tí ó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, a máa di búlúù bí ó bá pẹ́. Kì í ṣe pé a tún un kùn. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè tí ó wà nínú rẹ̀ ni oòrùn ti pa, tí ó ku àwọ̀ búlúù nìkan, nítorí òun ni ó lágbára jù nínú àwọn àwọ̀ tí a fi ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí oòrùn bá sì ti pa, kò sí oògùn tí ó lè jí i.

Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan. Ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, a kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó kan àwòrán orí bébà tàbí aṣọ ju 50 lux lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan sì lè tó 100,000 lux. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ 50 lux sí àwòrán fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 250 ọjọ́ ni yóò gbà kí ó tó rí ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán yóò fún un ní wákàtí kan péré. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í gbàgbé: èyí tí àwòrán rí lánàá àti èyí tí ó rí lónìí, àròpọ̀ ni wọ́n.

Nítorí náà, kò yẹ kí a fi àwòrán kọ́ ògiri tí ó dojú kọ fèrèsé. Gíláàsì àti ike títàn wà tí a ṣe láti dènà ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, èyí tí ó le jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwọn tí ó dára nínú wọn lè dá ohun tí ó ju 97 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dúró. Wọ́n dára fún ẹni tí ó ní agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí dúró, òun náà sì ń pa àwọ̀. Ògiri tí kò rí oòrùn, tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí, sàn ju gíláàsì olówó iyebíye lọ.

ÒJÒ, ỌYẸ́ ÀTI KÒKÒRÒ

Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ní apá gúúsù ilẹ̀ Yorùbá lè ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 65 tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ohun bí òwú tí ó máa ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu yóò bẹ̀rẹ̀ sí hù lára bébà, gọ́ọ̀mù àti aṣọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbẹ, igi férémù a súnkì, igun rẹ̀ a sì là. Àwòrán olóje tí a yà sórí aṣọ a máa dẹ̀ ní ìgbà òjò, a máa le ní ìgbà ọyẹ́, àwọ̀ orí rẹ̀ a sì máa sán.

Kò sí onílé tí ó lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lẹ́yìn férémù. Kí ó lẹ ègé kọ́ọ̀kì tàbí rọ́bà kékeré mọ́ igun méjèèjì tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn férémù, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ó má fi àwòrán kọ́ ògiri tí òjò ń nà láti ìta, tàbí èyí tí ilé ìwẹ̀ tàbí ilé ìdáná wà lódìkejì rẹ̀. Kí ó sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ikán ti ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣe ọ̀nà lára ògiri, tàbí ihò kéékèèké àti ìyẹ̀fun igi wà lára férémù. Bí ó bá rí kòkòrò, kò gbọdọ̀ fín oògùn sí ojú àwòrán. Férémù ni kí ó yọ kúrò, kí ó sì gbé e jìnnà. Bí ó bá ń nu gíláàsì, ara aṣọ ìnulẹ̀ ni kí ó da omi sí, kì í ṣe ojú gíláàsì, nítorí omi a máa ṣàn wọ inú férémù láti ìsàlẹ̀.

IGI FÉRÉMÙ

Igi arère, tí ó ń hù nínú igbó ilẹ̀ yìí, ti di igi férémù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ dán, ìṣó kì í sì í là á. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ń lu igi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà a níláti gbẹ ẹ́ dáradára, kí a sì fi oògùn sí i kí a tó gé e. Ìrókò àti apá wúwo jù ú lọ, wọ́n sì ṣòro láti gé, ṣùgbọ́n inú igi wọn kò rọrùn fún ikán láti jẹ. Igikígi tí a bá lò, ásíìdì wà nínú rẹ̀. Kí etí àwòrán má ṣe kàn án.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BI ONÍFÉRÉMÙ

Ẹni tí ó bá gbé àwòrán lọ fún oníférémù sábà máa ń béèrè àwọ̀ igi àti iye owó nìkan. Ìbéèrè mẹ́rin mìíràn wà tí ó yẹ kí ó fi kún un. Kí ni yóò wà lẹ́yìn àwòrán? Kí ni yóò mú kí gíláàsì jìnnà sí i? Kí ni a ó fi mú un dúró, ǹjẹ́ a sì lè tú u? Ǹjẹ́ a ó gé etí àwòrán kí ó lè bá férémù mu? Sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó dára: férémù ni a ń gé bá àwòrán, a kì í gé àwòrán bá férémù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé etí tí a gé sọnù ni orúkọ ayàwòrán tàbí ọdún tí ó ya iṣẹ́ náà wà.

Ohun kan kù tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí a tó ti férémù pa, kí a fi pẹ́ńsù rírọ̀, kì í ṣe báírò, kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò, ìlú àti ọdún tí a yà á, sẹ́yìn rẹ̀ ní etí, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Kí a sì ya ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn tí kò gbé inú ilé náà. Páálí dáradára lè mú kí fọ́tò ìyá àgbà wà títí di ìgbà àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, àjèjì ni yóò jẹ́ lójú wọn. Àwọn tí ó mọ orúkọ náà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí. Ìsinsìnyí ni ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn.